Ṣíbí fàdákà tí kò ní 925 lára kì í ṣe ayédèrú

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, sà. Mo ra ṣíbí fàdákà mẹ́fà ní Philadelphia. Ẹni tó tà wọ́n ní wọ́n ti tó igba ọdún. Orúkọ ènìyàn nìkan ló wà lẹ́yìn wọn. Kò sí 925, kò sí àwòrán kìnnìún. Ọ̀rẹ́ mi ní ayédèrú ni, pé kí n ha ọ̀kan kí n kán ásíìdì sí i. Ṣé kí n ṣe bẹ́ẹ̀?

Ìdáhùn: Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dán an wò. Ibi tí ásíìdì bá ti jẹ kò ṣeé tún ṣe.

925 tí gbogbo ayé ń wá kiri yìí, ìyẹn òǹtẹ̀ pé 925 nínú 1000 jẹ́ fàdákà, ti sú mi. Kìnnìún yẹn, òǹtẹ̀ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni. Ibẹ̀ ni òfin ti ní kí ilé àyẹ̀wò yẹ fàdákà wò kí wọ́n tó tà á. Amẹ́ríkà ìgbà náà kò ní irú ilé àyẹ̀wò bẹ́ẹ̀, àfi Baltimore, níbi tí òfin ti sọ ọ́ di dandan láti 1814 sí 1830. Níbi yòókù, orúkọ alágbẹ̀dẹ ni ẹ̀rí. Owó fàdákà ni oníbàárà sábà máa ń kó wá, tí alágbẹ̀dẹ á yọ́, á fi rọ ṣíbí. Bí olè bá jí owó, ta ni yóò dá a mọ̀? Ṣùgbọ́n ṣíbí tí wọ́n fín lẹ́tà olówó rẹ̀ sí ṣeé tọpa. Bí ẹ bá rí lẹ́tà mẹ́ta, tòkè sábà máa ń jẹ́ ti orúkọ ìdílé, méjì ìsàlẹ̀ jẹ́ ti ọkọ àti ìyàwó.

Torí owó ni wọ́n yọ́, fàdákà inú rẹ̀ sábà máa ń tó nǹkan bí 900 nínú 1000. Fàdákà gidi ni! Ọdún 1868 ni ilé iṣẹ́ Gorham pàápàá, àgbà nínú àwọn tó ń ṣe fàdákà ní Amẹ́ríkà, ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ìwọ̀n 925. Ṣíbí tí wọ́n bá pè ní ti 1790, tí nọ́ńbà 925 wà lára rẹ̀, òun gan-an ni kí ẹ fura sí.

Òòfà náà kò lè yanjú rẹ̀, torí kì í fa idẹ tàbí bàbà. Ẹ wo ẹ̀yìn ikùn ṣíbí, níbi tó ti ń kan tábìlì: bí àwọ̀ pupa tàbí ti idẹ bá yọ níbẹ̀, a jẹ́ pé wọ́n kàn fi fàdákà bò ó ni. Omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ àti ọṣẹ ni kí ẹ fi fọ̀ wọ́n, torí bí ẹ bá ń fi nǹkan líle bó wọn, òǹtẹ̀ á pa rẹ́.

Èmi ò lè dá iye lé ohun tí n kò fọwọ́ kàn. Ẹ wá orúkọ náà nínú àkọsílẹ̀ àwọn alágbẹ̀dẹ Philadelphia, kí ẹ sì gbé wọn lọ bá amòye tí kò ní í rà wọ́n lọ́wọ́ yín. Bí ẹ bá rí P. BENTZON, ẹ má tà á lówó pọ́ọ́kú: Peter Bentzon, alágbẹ̀dẹ fàdákà ọmọ ìran Áfíríkà tó ṣiṣẹ́ ní Philadelphia àti ní erékùṣù St. Croix ní Karibíà, ni. Bó bá jẹ́ REVERE ni wọ́n kọ, ẹ rọra ṣe, torí ayédèrú òǹtẹ̀ Paul Revere, gbajúmọ̀ alágbẹ̀dẹ fàdákà ti Boston, pọ̀ lọ́jà.