Èsì: Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ ná

Ẹ kú ìrójú o. Ẹ béèrè bí èèyàn ṣe lè fi ojú tuntun wo ayé lẹ́yìn tí iṣẹ́ ọlọ́dún gbọọrọ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ẹ má tíì kánjú wá ojú tuntun. Ẹ jẹ́ kó dùn yín ná, kẹ́ ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀. Nínú ìwádìí kan tí àwọn olùṣèwádìí méjì, James Pennebaker àti Sandra Beall, gbé jáde lọ́dún 1986, wọ́n ní kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì máa fi ìṣẹ́jú 15 kọ̀wé lójoojúmọ́, fún ọjọ́ 4. Inú àwọn tó kọ nípa ohun tó bà wọ́n lọ́kàn jẹ́ tún bàjẹ́ sí i lọ́jọ́ tí wọ́n kọ ọ́. Àmọ́ ní oṣù 6 tó tẹ̀ lé e, àwọn tó kọ ohun tó ṣẹlẹ̀ pẹ̀lú bó ṣe rí lára wọn kò lọ gbàtọ́jú tó àwọn tó kọ nípa nǹkan yẹpẹrẹ.

Èmi náà ṣe é nígbà tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ mi. Lọ́jọ́ kẹta, mo kọ ọ́ bíi pé ẹlòmíì ló ṣẹlẹ̀ sí. Àánú ẹni náà ṣe mí gan-an; n kò ṣàánú ara mi bẹ́ẹ̀ rí. Ìgbà yẹn ni mo tó rí i pé iṣẹ́ mìíràn wà tí ọwọ́ mi mọ̀.

Tó bá wúwo jù fún yín, ẹ dáwọ́ dúró, kẹ́ ẹ lọ rí ẹni tó mọ̀ nípa ìtọ́jú ọpọlọ.