Ìdáhùn sí Ìyá Ìbejì: ṣé kí a ta ilé wa ní Kubwa, kí a kó lọ sí Jos?

Ìyá Ìbejì, mo kí yín, mo sì kí Bàbá Ìbejì pẹ̀lú. Ẹ kọ̀wé pé ọkọ yín yóò fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ lọ́dún tó ń bọ̀, nígbà tí wọ́n bá pé ẹni ọgọ́ta ọdún; pé láti ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹwàá ni ẹ̀yin méjèèjì ti wà lọ́dọ̀ àbúrò wọn obìnrin ní Rayfield nílùú Jos, tí ara sì tù yín débi pé ọkọ yín fẹ́ ta ilé yín ní Kubwa, l'Àbújá, kí ẹ kó lọ síbẹ̀ pátápátá. Ẹ ní éjẹ́ǹtì kan tó fẹ́ ta ilé fún yín ní Jos ń fẹ́ kí ẹ san àsansílẹ̀ kí oṣù kọkànlá tó parí, àti pé láti ìgbà tí ọ̀rọ̀ ilé yìí ti wọlé, ìlú náà kò dùn mọ́ yín nínú mọ́. Ẹ wá ń bi mí bóyá kí ẹ gbà tàbí kí ẹ kọ̀.

N kò ní kí ẹ gbà, n kò sì ní kí ẹ kọ̀, nítorí pé ọ̀rọ̀ méjì ni ẹ dì sínú ẹrù kan. Ìgbádùn tí ẹ ń jẹ lọ́wọ́ kò ní ẹjọ́ kankan. Jos ga ju òkun lọ ní ohun tó lé ní 1,200 mítà, ìdí nìyẹn tí ibẹ̀ fi ń tutù nígbà tí ooru bá ń mú wa ní Àbújá, kò sì sí ìgbà tó tún wuyì bí ìgbà tí òjò bá ti kásẹ̀ ńlẹ̀ tí eruku ọyẹ́ kò sì tíì dé. Ẹ̀yin fúnra yín ni ẹ kọ ọ́ pé ẹ máa ń wọ súwẹ́tà mu ògì gbígbóná láàárọ̀, tí ẹ ó sì máa wo àchà, ọkà wẹ́wẹ́ tí wọ́n ń gbìn níbẹ̀, tó ń gbó lọ lẹ́yìn ọgbà igi oró, kí ìkùukùu tó ká kúrò lórí àpáta. Mo jowú yín. Ẹ sọ fún ọkọ yín pé ẹ fẹ́ kí wọ́n mú yín lọ wo omi Assop tó ń já bọ́ láti orí àpáta lójú ọ̀nà Àbújá nígbà tí omi ṣì pọ̀ níbẹ̀, kí ẹ yà wo àpáta Riyom, kí ẹ sì dé ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Jos tí wọ́n ṣí ní ọdún 1952. Kí éjẹ́ǹtì má bá yín lọ.

Ti ilé yàtọ̀. Àlejò ní ojú, ṣùgbọ́n kò fi ríran. Oṣù kẹwàá nìkan ni ẹ mọ̀. Bí ọyẹ́ bá mú ní oṣù kìíní, òtútù òru lè mú gan-an níbẹ̀, ẹ sì ti sọ fún mi pé làkúrègbé ń da ọkọ yín láàmú lórúnkún. Tó bá di oṣù kẹta, kànga àwọn ẹlòmíràn á gbẹ, mẹ́ruwà ni yóò máa gbé omi wá fún wọn. Ẹ bi àbúrò ọkọ yín bí tiwọn ṣe ń rí nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, kí ẹ sì bi wọ́n níṣojú Bàbá Ìbejì. Ẹ tún rìn yí ká ẹ̀yìn ilé tí wọ́n bá fẹ́ tà fún yín. Àwọn tó wa tánganran (tin) láyé òyìnbó fi kòtò ńláńlá sílẹ̀ káàkiri Bukuru, Rayfield àti Barkin Ladi, omi sì ti kún inú wọn. Wọ́n dùn ún wò, ṣùgbọ́n wọ́n ti gbé ọmọ ọlọ́mọ lọ, ẹ̀yin náà sì ní ọmọ-ọmọ tí yóò máa wá lo ìsinmi lọ́dọ̀ yín.

Ohun kan wà tí ẹ kò là mọ́lẹ̀ nínú lẹ́tà yín. Ẹ ní ọkọ yín ń kírun, ẹ̀yin sì ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì. Nínú ìdílé Yorùbá, ìyẹn kì í ṣe nǹkan bàbàrà. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn rògbòdìyàn láàárín Mùsùlùmí àti Kìrìsìtẹ́nì ní ọdún 2001, 2008 àti 2010, ọ̀pọ̀ àdúgbò ní Jos ni ó di pé ẹlẹ́sìn kan ṣoṣo ló pọ̀ jù níbẹ̀, ó sì yẹ kí ẹ mọ irú èyí tí ẹ fẹ́ wọ̀. Ẹ má bi éjẹ́ǹtì. Ẹ lọ bá àwọn Yorùbá tó ti pẹ́ níbẹ̀, àwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́ tí bàbá wọn bá òwò dé ìlú náà, ẹ ní kí wọ́n sọ bí àdúgbò kọ̀ọ̀kan ti rí nígbà náà àti bó ti rí báyìí.

Ilé Kubwa ni kí ẹ má tà. Ẹni tó bá ta ilé ní Àbújá lónìí, tó wá fẹ́ padà rà á lẹ́yìn ọdún mẹ́ta, owó ọwọ́ rẹ̀ kò ní tó o. Ẹ fi ilé náà fún ayálégbé, kí ẹ fi owó rẹ̀ yá ilé ní Jos fún ọdún kan gbáko, kí ẹ̀ẹ̀rùn àti òjò lè bá yín níbẹ̀.

Ẹ má sì bá Bàbá Ìbejì jà. Ẹni tó ti ń jí láàárọ̀ kùtùkùtù láti ọdún pípẹ́ nítorí gó-sílóò ọ̀nà Kubwa, ó lè jẹ́ ìsinmi ni ó ń wá, kí ó máa rò pé ìlú ni. Ẹ sọ fún wọn pé, “Bàbá Ìbejì, mo fẹ́ràn ibẹ̀ bí ẹ ṣe fẹ́ràn rẹ̀, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ yálé.” Tí éjẹ́ǹtì bá tún pè nítorí àsansílẹ̀, ẹ ní kó dúró di oṣù kẹta, kó sì fi kànga ilé náà hàn yín nígbà náà.