Antivirus ti wà lórí kọ̀ǹpútà wa, kí la tún fẹ́ máa sanwó oṣooṣù fún?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, sà. Ilé oògùn méjì ni mo ní n'Íbàdàn, ọ̀kan ní Bódìjà, èkejì ní Challenge, kọ̀ǹpútà méje la sì ń lò. Àwọn kan wá bá mi pé àwọn á máa bá wa ṣọ́ wọn lọ́wọ́ olè orí íntánẹ́ẹ̀tì, kí n máa sanwó lóṣooṣù. Antivirus sì wà lórí gbogbo wọn. Kí ló tún kù tí wọ́n fẹ́ ṣe?

Ìdáhùn: Ẹ kú ọjà o, mà. Iṣẹ́ tí mò ń ṣe nìyẹn, ohun tó kù sì pọ̀ gan-an.

Wọ́n á kọ́kọ́ gbé software kékeré kan sórí ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan, tí á máa ròyìn fún ọ́fíìsì wọn: ẹ̀rọ wo ni kò tíì gba update, ibo ni wọ́n ti pa antivirus, ta ló ń gbìyànjú àtiwọlé. Ẹni tó ń ka ìròyìn yẹn lẹ ń sanwó fún. Lóru ọjọ́ kan, nǹkan bí aago méjì, ìròyìn dé bá wa pé ẹnì kan ń dán password wò léraléra lórí kọ̀ǹpútà akáǹtáǹtì oníbàárà wa kan, bẹ́ẹ̀ wọ́n ti tilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù láti alẹ́. Wọ́n ti ṣí Remote Desktop, ọ̀nà tí èèyàn fi ń lo kọ̀ǹpútà láti ibòmíì, sílẹ̀ gbayawu kí akáǹtáǹtì náà lè máa ṣiṣẹ́ láti ilé. A tì í pa kí ilẹ̀ tó mọ́. Antivirus ò sọ nǹkan kan, torí kò tíì sí kòkòrò kankan níbẹ̀. Ẹni tó ń wá kọ́kọ́rọ́ ni.

Ẹ má fojú kéré update. WannaCry, kòkòrò kọ̀ǹpútà kan tó bẹ́ sílẹ̀ lọ́jọ́ 12 oṣù karùn-ún ọdún 2017, tó da iṣẹ́ rú ní ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ihò tí Microsoft ti gbé àtúnṣe rẹ̀ jáde láti ọjọ́ 14 oṣù kẹta ló gbà wọlé. Lọ́dọ̀ wa, owó dátà àti iná tó ń lọ tó ń bọ̀ ló ń jẹ́ káwọn òṣìṣẹ́ máa sún update síwájú. Alábòójútó gidi á ṣètò rẹ̀ sí ìgbà tí iná wà tí èrò ò sì pọ̀. Tó bá jẹ́ Windows 10 lẹ ṣì ń lò, ẹ bi wọ́n léèrè ohun tí wọ́n máa ṣe sí i, torí Microsoft ti fòpin sí ìtọ́jú rẹ̀ láti ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá ọdún 2025.

Backup, ìyẹn ẹ̀dà àkọsílẹ̀ tẹ́ ẹ fi pamọ́, ló máa ń dùn mí jù. Mo dé ibì kan tí hard disk backup wọn wà lára kọ̀ǹpútà tọ̀sán-tòru, wọn kì í yọ okùn rẹ̀. Nígbà tí ransomware, kòkòrò tó ń ti fáìlì pa kí àwọn ọ̀daràn lè gbowó kí wọ́n tó ṣí i, dé, ó ti ìyá, ó ti ọmọ pa. Ẹ̀dà mẹ́ta ló yẹ kẹ́ ẹ ní, kí ọ̀kan ó kéré tán jìnnà sí ṣọ́ọ̀bù. Kẹ́ ẹ tó fọwọ́ síwèé, ẹ ní kí wọ́n dá àkọsílẹ̀ ọjà oṣù tó kọjá padà láti inú backup níṣojú yín. Tí wọ́n bá ń ṣàwáwí, ẹ wá ẹlòmíì.

Wọ́n á fi ìdánimọ̀ ìgbésẹ̀ méjì, tó ń béèrè ẹ̀rí kejì lẹ́yìn password, sórí ímeèlì yín. Ṣùgbọ́n tí ímeèlì bá dé pé oníṣòwò tó ń kó oògùn fún yín ti yí nọ́ńbà àkáǹtì padà, ẹ pè é lórí fóònù tẹ́ ẹ ti mọ̀ tẹ́lẹ̀.

Ẹ wo ilẹ̀kùn àwọn alábòójútó náà pẹ̀lú. Lọ́jọ́ 2 oṣù keje ọdún 2021, software Kaseya, tí irú àwọn iléeṣẹ́ yìí fi ń ṣàbójútó, làwọn ọ̀daràn gbà dé ọ̀dọ̀ oníbàárà wọn. Ṣọ́ọ̀bù Coop tó tó 800 ló tilẹ̀kùn ní Sweden. Ẹ béèrè pé èèyàn mélòó ló lè wọ ẹ̀rọ yín, ṣé password nìkan ni wọ́n sì ń lò. Orúkọ àwọn aláìsàn àti oògùn tí wọ́n ń lò wà lọ́wọ́ yín. Tó bá jò síta lọ́nà tó lè ṣe wọ́n ní jàǹbá, òfin ààbò dátà ọdún 2023 fún yín ní wákàtí 72 láti fi tó àjọ ìjọba létí. Kí ìwé àdéhùn sọ bí wọ́n ṣe máa tètè pè yín, àti ẹni tó máa gbé fóònù tẹ́ ẹ bá pè wọ́n lóru Sátidé.