Sí ìyá tí ọmọ rẹ̀ ń gbé gìtá lọ sí Leeds

Ẹ kú ìbéèrè, mà. Ẹ ní ọmọ yín obìnrin ń lọ kàwé ní Leeds lóṣù kẹsàn-án, pé òun fúnra rẹ̀ ló ń kọ orin pop-rock tó ń fi gìtá kọ, kò sì fẹ́ wọ abẹ́ ilé-iṣẹ́ orin kankan. Ẹ fẹ́ mọ̀ bóyá orin lè bọ́ ọ níbẹ̀. Ó lè bọ́ ọ, bí ìwé rẹ̀ bá pé. Mo kọrin jẹun ní Manchester fún ọ̀pọ̀ ọdún kí n tó padà sí Òkè-Ìlẹ̀wọ́, ohun tí ojú mi rí ni mò ń sọ yìí.

Físà ló ṣáájú. Òfin físà akẹ́kọ̀ọ́ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò gba kéèyàn dá iṣẹ́ ara rẹ̀ sílẹ̀, kò sì gba kó máa kọrin gbowó. Wákàtí 20 tí wọ́n ní akẹ́kọ̀ọ́ lè fi ṣiṣẹ́ lọ́sẹ̀, tí gbogbo ayé ń pariwo, iṣẹ́ abẹ́ ọ̀gá ló wà fún. Kò kan kéèyàn gbé gìtá wọ ilé ọtí lálẹ́ Jímọ́ọ̀ kó sì gbowó. Kó kàwé rẹ̀ parí, kó gba físà Graduate, ìyẹn gba iṣẹ́ ara ẹni. Títí dìgbà náà, kó máa kọ orin rẹ̀ jọ.

Èyí tó dùn mí jù ni ọ̀rọ̀ ta ló ni orin. Producer kan, ìyẹn ẹni tó ń bá olórin to orin pọ̀ ní sítúdíò, bá mi lu ìlù sórí orin mi kan. Nígbà tí rédíò bẹ̀rẹ̀ sí í gbé orin náà, mo rí i pé ó ti fi orúkọ ara rẹ̀ sílẹ̀ pé òun ló kọ ìdajì. Èmi ni mo ni ọ̀rọ̀, èmi ni mo ni ohùn! Ohun tó gbà mí ni pé mo ti fi fóònù gba orin náà sílẹ̀ nínú yàrá mi, èmi àti gìtá nìkan, déètì sì wà lára rẹ̀, ṣáájú ọjọ́ tí mo mọ ọ̀nà sítúdíò rẹ̀. Síbẹ̀, owó há fún oṣù bíi mélòó kan. Látìgbà náà, bébà kan kì í wọ́n nínú àpò gìtá mi. Kí ẹnikẹ́ni tó ki wáyà bọ ẹ̀rọ, a ó kọ ọ́ síbẹ̀: orúkọ orin, ẹni tó kọ ọ̀rọ̀, ẹni tó gbé ohùn kalẹ̀, iye tó kan oníkálukú nínú 100, gbogbo wa á sì buwọ́ lù ú. Àwọn kan bínú sí mi nítorí ẹ̀. Kò sí èyí tó bínú tí mo kábàámọ̀ pé a ò jọ ṣiṣẹ́.

Ọ̀pọ̀ ọmọ wa rò pé tí DistroKid tàbí TuneCore, àwọn tó ń bá olórin gbé orin sórí íńtánẹ́ẹ̀tì, bá ti gbé orin dé Spotify tí ayé ti ń gbọ́ orin, ó parí. Spotify kì í sanwó lórí orin tí wọn kò bá tíì gbọ́ tó 1,000 ìgbà láàárín oṣù 12. Owó rédíò àti ti òde eré, ọ̀tọ̀ ni. PRS for Music ló ń gbà á fún ẹni tó ṣẹ̀dá orin, ìyẹn ẹni tó ni ọ̀rọ̀ àti ohùn rẹ̀. PPL ń gba ti ẹni tó kọrin inú rẹ́kọ́ọ̀dù àti ti ẹni tó ni ín. Ẹni tí kò forúkọ sílẹ̀ níbẹ̀, owó rẹ̀ kò ní mọ ilé rẹ̀. Àní lẹ́yìn eré ní ilé ọtí kékeré pàápàá, mo máa ń kọ orúkọ àwọn orin tí mo kọ ránṣẹ́ sí PRS, wọ́n sì ń sanwó.

Ẹ má sì jẹ́ kí ẹbí fi gìtá bú u, mà. Àlùfáà J. J. Ransome-Kuti, bàbá bàbá Fela, ti kọrin sínú rẹ́kọ́ọ̀dù ní London láti àwọn ọdún 1920. Ọmọ Ẹ̀gbá ti ń bá iṣẹ́ yìí bọ̀ tipẹ́.

Kó tó wọ ọkọ̀ òfurufú, kó fi fóònù gba gbogbo orin tó ti kọ ní Abẹ́òkúta sílẹ̀, kó fi ránṣẹ́ sí ímeèlì ara rẹ̀. Bí ó bá bá ẹnikẹ́ni kọ orin pọ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì tàbí ní Àdáàtán, kí wọ́n buwọ́ lùwé báyìí tí wọ́n ṣì ń ríra wọn.