Ẹni Tó Ń Tọ Ògiri Ọ̀tún: Ìbéèrè Yín Lórí Àwòrán Wá-Ọ̀nà

Ìbéèrè: Ẹ̀yin Olóòtú, ẹ kú iṣẹ́ o. Olùkọ́ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni mí ní Ìbàdàn. Mo máa ń ya àwòrán wá-ọ̀nà tí wọ́n ń pè ní maze fún àwọn ọmọ kíláàsì mi, kí wọ́n lè fi pẹ́ńsùlù tọ ọ̀nà láti ẹnu àbáwọlé dé ibi tí mo ya ìṣúra sí. Ọ̀kan nínú wọn kì í ronú rárá. Ògiri apá ọ̀tún ló kàn máa ń tọ̀ lọ, gbogbo ìgbà ló sì ń dé ibẹ̀. Ṣé ọgbọ́n yìí kì í kùnà ni? Báwo ni mo ṣe lè ya èyí tí yóò mú un ronú?

Ìdáhùn: Ẹ kú làálàá àwọn ọmọ, Olùkọ́. Bí gbogbo ògiri inú àwòrán bá so mọ́ ògiri ìta, tí ẹnu àbáwọlé sì jẹ́ ẹyọ kan, ọgbọ́n ọmọ yín kò lè kùnà, nítorí pé ògiri kan ṣoṣo tó ń lọ tó ń bọ̀ ni gbogbo wọn jẹ́, ẹni tí kò bá sì gbé ọwọ́ kúrò lára rẹ̀ yóò dé gbogbo kọ̀rọ̀ pátá, kódà bó bá kọ́kọ́ wọ gbogbo ọ̀nà tó dí. Ní ọgbà ààfin Hampton Court lẹ́bàá Lọ́ńdọ̀nù, níbi tí wọ́n ti fi igi gbin irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ fún Ọba William Kẹta ní ìparí àwọn ọdún 1600, ọgbọ́n yìí ṣì ń gbé àlejò dé àárín. Ṣùgbọ́n nígbà tó di àwọn ọdún 1820, wọ́n gbin òmíràn sí Chevening ní agbègbè Kent, wọ́n sì mọ̀ọ́mọ̀ jẹ́ kí àwọn odi kan dá dúró láìkan ti ìta. Ẹni tó bá ń tọ odi ìta níbẹ̀, ẹnu ọ̀nà tó gbà wọlé náà ni yóò padà bá ara rẹ̀.

Ohun tí ẹ̀yin náà yóò ṣe nìyẹn. Ẹ fi rúlà ya àpótí kéékèèké mẹ́wàá ní ìbú àti mẹ́wàá ní òró. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ 100, ògiri tó pààlà láàárín wọn sì jẹ́ 180. Ẹ máa pa ògiri rẹ́ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí ó jẹ́ pé àpótí tí kò tíì ní ọ̀nà ni ẹ ń so mọ́ èyí tó ti ní ọ̀nà. Nígbà tí ẹ bá pa 99 rẹ́, 81 yóò ṣẹ́ kù, ọ̀nà kan ṣoṣo ni yóò sì wà láti àpótí èyíkéyìí dé òmíràn. Èyí ni ọmọ yín ń borí. Ẹ wá pa ẹyọ kan sí i, ní ibi tí ọ̀nà yóò fi yípo bí òrùka: àwọn ògiri tí òrùka náà ká mọ́ kò ní kan ti ìta mọ́. Ẹ gbé ìṣúra sí ẹ̀ka tó ya sínú òrùka yẹn, ọmọ náà kò ní dé ibẹ̀, ì báà fi ọwọ́ òsì dípò ọ̀tún.

Èyí nìkan kọ́ ló ń mú àwòrán dùn ún yanjú, lójú tèmi. Ọ̀pọ̀ wa ló máa ń fa ọ̀nà tòótọ́ tán, kí a tó wá lẹ ọ̀nà ẹ̀tàn kúkúrú mọ́ ọn lára, bẹ́ẹ̀ wíwò lásán ti tó fún ọmọdé láti rí i pé wọ́n dí. Ẹ jẹ́ kí ọ̀nà ẹ̀tàn gùn, kí òun náà ní oríta tirẹ̀, kí ó sì forí lé ìhà ìṣúra, nígbà tí ọ̀nà tòótọ́ yóò kẹ́yìn sí ìṣúra fún ìgbà díẹ̀. Ẹ má gbàgbé àwọn tó máa ń bẹ̀rẹ̀ láti ìdí ìṣúra padà sẹ́yìn (àwọn ọmọ tó gbọ́n jù ló sì ń ṣe bẹ́ẹ̀). Ẹ fi oríta tó lè dà wọ́n láàmú síbẹ̀ pẹ̀lú.

Ìbéèrè: Ẹ jọ̀wọ́, Lọ́ńdọ̀nù ni mò ń gbé, mo sì fẹ́ kó àwọn ọmọ mi lọ sí Longleat, ọgbà wá-ọ̀nà tí wọ́n fi igi gbin ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, nígbà ìsinmi. Kí ni ẹni tó wà nínú rẹ̀, tí kò rí i láti òkè, lè ṣe kó má baà sọnù?

Ìdáhùn: Igi tó lé ní 16,000 ni wọ́n fi gbin ọgbà yẹn ní ọdún 1975, ó sì ní afárá tó ń gbé ọ̀nà kan gba orí òmíràn kọjá, nítorí náà ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé títọ odi. Ọgbọ́n ará Faransé kan, Trémaux, tí onímọ̀ ìṣirò Édouard Lucas tẹ̀ jáde ní ọdún 1882, ni kí ẹ lò, afárá kò sì lè dà á rú. Ẹ máa fi àmì kan sí ọ̀nà ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá gbà á. Bí ẹ bá dé oríta tuntun, ẹ gba ọ̀nà tí kò ní àmì. Bí ọ̀nà tuntun bá gbé yín dé oríta tí ẹ ti dé rí, tàbí tó dí, ẹ padà. Bí ẹ bá wá padà dé oríta, ẹ gba èyí tí kò ní àmì; bí kò bá sí, èyí tó ní ẹyọ kan, ṣùgbọ́n ẹ má ṣe gba ọ̀nà kan lẹ́ẹ̀kẹta láéláé. Ewé gbígbẹ tí ẹ tò sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà tó fún àmì. Ẹ má gé igi ọgbà náà. Nígbà tí ẹ bá dé àárín, ọ̀nà tó ní àmì ẹyọ kan ni kí ẹ tọ̀ padà, yóò gbé yín dé ẹnu àbáwọlé láìyà síbi kankan.