Kọ̀ǹpútà rí àdírẹ́ẹ̀sì gbà, kò rí fáìlì

ÌBÉÈRÈ: Olóòtú, ẹ kú iṣẹ́ o. Kọ̀ǹpútà mẹ́wàá ni mo fi ń kọ́ àwọn ọmọ níṣẹ́ ní Sábó, Ìkòròdú. Mo fẹ́ gbé Debian (ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà, irú bíi Windows) sórí gbogbo wọn láti ara sáfà kan ṣoṣo tí mo fi dnsmasq ṣe (ètò tó ń pín àdírẹ́ẹ̀sì lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì), láìlo fíláàṣì. Kọ̀ǹpútà kan náà á bẹ̀rẹ̀ dáadáa láàárọ̀, tó bá di ọ̀sán á kọ àṣìṣe PXE-E53 sójú (PXE ni ọ̀nà tí kọ̀ǹpútà fi ń bẹ̀rẹ̀ láti orí nẹ́tíwọ́ọ̀kì). Méjì tó jẹ́ tuntun kò tilẹ̀ bẹ̀rẹ̀ rí. Mo ti pààrọ̀ wáyà lẹ́ẹ̀mejì. Kí ni kí n ṣe?

ÌDÁHÙN: Ẹ má ra wáyà mọ́, olùkọ́ wa. Bí ó bá jẹ́ wáyà ni, PXE-E61 ni ẹ̀ bá máa rí. Ohun tí E53 ń sọ ni pé kọ̀ǹpútà yín rí àdírẹ́ẹ̀sì gbà, ṣùgbọ́n ẹni tó fún un kò dárúkọ fáìlì tí yóò fi bẹ̀rẹ̀. Ráútà íntánẹ́ẹ̀tì yín ni mo fura sí (ẹ kò dárúkọ rẹ̀, àmọ́ mo mọ̀ pé ó wà níbẹ̀), nítorí pé òun náà ń pín àdírẹ́ẹ̀sì bí sáfà yín ṣe ń pín in, kò sì mọ ohunkóhun nípa fáìlì. Ọjọ́ tí ó bá tètè dáhùn ju sáfà lọ ni wàhálà ń bẹ̀rẹ̀.

Ẹ yọ wáyà ráútà náà fúngbà díẹ̀, kí ẹ sì tan kọ̀ǹpútà kan tó ti pẹ́ ní ẹ̀ẹ̀márùn-ún. Bí E53 kò bá yọjú mọ́, a ti mú olè. Ṣùgbọ́n ẹ kò lè pa ráútà tì, nítorí pé Debian yóò lọ gba púpọ̀ nínú ẹrù rẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí ráútà nìkan máa pín àdírẹ́ẹ̀sì, kí sáfà máa dárúkọ fáìlì lásán: nínú dnsmasq, ẹ sọ ìlà dhcp-range àtijọ́ di dhcp-range=192.168.1.0,proxy (ẹ fi nọ́ńbà nẹ́tíwọ́ọ̀kì tiyín rọ́pò), kí ẹ sì kọ fáìlì náà sí ìlà pxe-service.

Ti àwọn méjì tuntun yẹn yàtọ̀. Ó ṣeé ṣe kí wọ́n jẹ́ UEFI (ọ̀nà tuntun tí kọ̀ǹpútà fi ń bẹ̀rẹ̀), èyí tí kò lè lo pxelinux.0, fáìlì tí àwọn kọ̀ǹpútà àtijọ́ fi ń bẹ̀rẹ̀. Fáìlì tí orúkọ rẹ̀ parí sí .efi ni wọ́n ń fẹ́, nítorí náà ẹ kọ pxe-service méjì, ọ̀kan fún x86PC (àwọn ti àtijọ́), ọ̀kan fún x86-64_EFI (àwọn tuntun). Bí E32 bá yọjú lẹ́yìn èyí (pé kọ̀ǹpútà bèèrè fáìlì, sáfà kò dáhùn), ẹ ṣí ojú ọ̀nà UDP 69, tí ìbéèrè fáìlì ń gbà wọlé, nínú fáyàwọ́ọ̀lù (ètò ààbò) sáfà náà.