Òwe àjẹ́ ké lánàá àti ọ̀rọ̀ Kant lórí okùnfà

Ẹ ní ṣé ohun tí òwe "àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí, ta ni ò mọ̀ pé àjẹ́ àná ló pa ọmọ jẹ" ń sọ náà ni Kant àtàwọn fìlọ́sọ́fà Jámánì ń bára wọn fà, àti pé kí ló dé tí Kant fi ní inú orí wa ni okùnfà ti ń wá.

Òwe yẹn, Hume ló kọ́kọ́ kàn kó tó kan Kant. Hume, fìlọ́sọ́fà ará Scotland, ní gbogbo ohun tójú wa ń rí ò ju pé tibí ṣẹlẹ̀, tọ̀hún tẹ̀ lé e, okùn tó so méjèèjì pọ̀ ẹnì kankan ò fojú rí i rí, ó kàn ti mọ́ wa lára ni, tí àkọ́kọ́ bá ti dé a ti ń retí ìkejì. Tẹ́ ẹ bá wá sọ fún un pé "ta ni ò mọ̀", á ní ẹ̀yin gan-an, báwo lẹ ṣe mọ̀?

Ọ̀rọ̀ yìí dé etí Kant ní Königsberg, ìlú tó ń gbé, òun fúnra ẹ̀ ló sọ ní 1783 pé Hume ló jí òun lójú oorun. Èsì ẹ̀ wà nínú ìwé ńlá tó gbé jáde ní 1781, tó tún un ṣe ní 1787, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣì í gbọ́, wọ́n á ní Kant sọ pé irọ́ ni okùnfà. Rárá o. Àpẹẹrẹ tiẹ̀ rèé: tẹ́ ẹ bá dúró níwájú ilé kan, ẹ lè ti òrùlé wò ó wá sísàlẹ̀, ẹ sì lè ti ìsàlẹ̀ wò ó lọ sókè, èyí tó bá wù yín, ilé ò kúrò níbi tó wà. Àmọ́ tí ọkọ̀ ojú omi bá ń bá odò lọ, ẹ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ rí i lókè odò kẹ́ ẹ tó rí i nísàlẹ̀, kò ṣeé yí padà. Nínú méjèèjì ohun tójú ń rí ń tẹ̀ léra ni, kí ló wá jẹ́ ká mọ̀ pé ti ilé, ojú wa ló ń rìn, ti ọkọ̀, ọkọ̀ gan-an ló ń lọ? Kant ní òfin ni, pé ohunkóhun tó bá ṣẹlẹ̀, ohun kan ti ṣáájú ẹ̀ tó sọ ọ́ di dandan. Láìsí òfin yẹn a ò tiẹ̀ lè sọ pé nǹkan ṣẹlẹ̀, torí náà ó ti gbọ́dọ̀ wà lọ́pọlọ wa ṣáájú, ìrírí ò lè kọ́ wa ní ohun tí ìrírí fúnra ẹ̀ dúró lé.

Àmọ́ o, òfin yẹn ò sọ ohun tó fa kí ni. Pé oòrùn ló mú òkúta gbóná, ẹ máa lọ wò ó ni. Tí Kant bá gbọ́ òwe wa, á ní lóòótọ́ ohun kan ló pa ọmọ, ìyẹn ò ṣeé jiyàn, ṣùgbọ́n pé àjẹ́ ni, ẹ lọ wádìí.

Ibi tọ́rọ̀ ti wá dojú rú ni pé Kant ní okùnfà ò kọjá àwọn nǹkan bí wọ́n ṣe hàn sí wa, bí wọ́n ṣe rí gan-an lẹ́yìn ojú wa, okùnfà ò débẹ̀. Ó tún wá ní àwọn nǹkan tó wà lẹ́yìn ojú wa yẹn ló ń kàn wá lára tá a fi ń rí ohunkóhun. Háà! Kíkàn yẹn ńkọ́, ṣé kì í ṣe okùnfà ni? Jacobi, fìlọ́sọ́fà Jámánì kan, ló gbá a mú ní 1787, ó ní láìgba ohun tó wà lẹ́yìn ojú yẹn òun ò lè wọnú ọ̀rọ̀ Kant, tóun bá sì gbà á òun ò lè dúró síbẹ̀. Lójú tèmi, kò sẹ́ni tó tíì dáhùn ẹ̀ délẹ̀.

Kí ló dé tí Kant ò ju ohun tó wà lẹ́yìn ojú yẹn nù? Torí òmìnira èèyàn ni. Ó mẹ́nu ba ẹnì kan tó pa irọ́ burúkú tó dá rúkèrúdò sílẹ̀: a lè tọpa ẹ̀ dé bí wọ́n ṣe tọ́ ọ, dé ẹgbẹ́ búburú tó ń kó, gbogbo okùnfà pé síbẹ̀, síbẹ̀ náà a ò yéé dá a lẹ́bi, bíi pé ọwọ́ ẹ̀ gan-an ló ti bẹ̀rẹ̀. Ìbẹ̀rẹ̀ yẹn ni Kant fi sẹ́yìn ohun tójú rí.

Fichte, fìlọ́sọ́fà Jámánì tó tẹ̀ lé Kant, ò ní sùúrù ẹ̀, ní 1794 ó da ohun tó wà lẹ́yìn ojú nù pátápátá, ó ní ọ̀dọ̀ "èmi" ni gbogbo ẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Hegel, fìlọ́sọ́fà Jámánì míì, ní tiẹ̀, nínú ìwé tó gbé jáde láàárín 1812 sí 1816, ní okùnfà àti àyọrísí ò tiẹ̀ jẹ́ nǹkan méjì: òjò rọ̀, ilẹ̀ tutù, ṣebí omi kan náà ni? Tẹ́ ẹ bá fẹ́ kà á fúnra yín, ẹ má tíì sún mọ́ Hegel jàre, ìwé kékeré tí Kant kọ ní 1783, Prolegomena, ni kẹ́ ẹ fi bẹ̀rẹ̀, ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ oòrùn àti òkúta yẹn wà.